Etí Odò, Etí Òbíríkítí

Iná ti lọ láti aago méje.
Mo gbé àtùpà síwájú, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi:
ìṣirò àìdọ́gba, nọ́ńbà alápá méjì,
apá kan jẹ́ òótọ́, apá kejì jẹ́ ohun tí a finú rò.
Lábẹ́ ìwé wọn ni ìwé tèmi wà,
ìtàn Ẹniafẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tó dúró létí odò Ògùn lọ́jọ́ tí omi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Olóòtú kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn:
“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù. Ọmọdé ni yóò kà á.
Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ ni, kó má fojú rí i.
Kó sì máa rẹ́rìn-ín ní orí tó gbẹ̀yìn.”

Èmi náà pé ọmọ ọdún mọ́kànlá rí.
Ní Lafẹ́nwá, lọ́dún tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀,
ẹsẹ̀ bàtà Olúgbuyì kan ṣoṣo ni mo gbé délé.
Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi,
kò bi mí léèrè èkejì.

Ohun tí mo ń kọ́ wọn nìyí.
Mo fi ìṣó àti okùn fa òbíríkítí sójú pátákó:
bí ìṣirò bá ń yọ̀ geere nínú rẹ̀, tí kò já, tí kò ṣẹ́,
góńgó rẹ̀ kì í jókòó sáàárín.
Etí ni ẹ ó ti bá a.
Ohun yòówù tó wà nínú lọ́hùn-ún, kò ju ti etí lọ.

Akínfẹ́nwá nawọ́ sókè lẹ́yìn:
“Mà, bí a bá wá bá a láàárín ńkọ́?”
Mo ní, a jẹ́ pé ibi gbogbo dọ́gba nìyẹn.
Kò sí òkè, kò sí ọ̀gbun.
Iye kan náà ni, láti àárín títí dé etí.
Ẹfun ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo mọ ọmọ yẹn.
Bó ṣe ń jẹun níbi ìsọmọlórúkọ ló ṣe ń jẹun níbi òkú.
“Ọmọ jẹ́jẹ́” ni tíṣà kọ sínú káàdì rẹ̀,
wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ìwà rere.

Àìdọ́gba onígun mẹ́ta ló rọrùn jù, ewúrẹ́ pàápàá mọ̀ ọ́n:
ẹni tó yà kì í rìn kúrú ju ẹni tó gba ọ̀nà tààrà.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi yà fún odò.
Mo gba ẹ̀yìn àpáta, mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀,
wọ́n nà mí pé mo pẹ́,
mo ní, “Ó dáa, mà.”

Àìdọ́gba yẹn kan náà tún ní ojú mìíràn,
mo ti ń kọ́ ọ fún ogún ọdún kí n tó rí i:
ẹrù méjì tí a pa pọ̀
kò lè wúwo ju kí á gbé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
Ó lè fúyẹ́.
Ìyá mi gbé tirẹ̀ sí yàrá, mo gbé tèmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ògiri alámọ̀ kan ló wà láàárín wa.
Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fun ikun lóru.
Òun náà á máa gbọ́ mi.

Nítorí náà, olóòtú mi, ẹ má bínú.
N kò ní gbé Ẹniafẹ́ kúrò létí odò,
ibẹ̀ ni góńgó wà.
N kò sì ní fi ẹ̀rín parí rẹ̀.
Orí tó gbẹ̀yìn, mo ti kọ ọ́ lálẹ́ yìí, kò ju ojú ìwé kan lọ:
ọmọ náà wọlé, bàtà ń kán lọ́wọ́ rẹ̀,
ìyá rẹ̀ gbà á,
ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
ó ní, “Èkejì ńkọ́?”