Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀

Ní Tírúpúrù, létí odò Nóyálì,
omi a máa wọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n rẹ lánàá:
Ọjọ́ Ajé, pupa fòò;
Ọjọ́bọ̀, dúdú bí ìdí ìkòkò.

Púńgódì ló ń fọ àgbá
níbi tí wọ́n ti ń sin kòkòrò àìfojúrí tí í yọ ọṣẹ.
Wọ́n gbé ọṣẹ lọ.
Wọ́n ní kó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù.
Ó bù ú sínú ike omi odò kan, ó lọ jẹun.

Ó padà dé, àwọ̀ ti sùn sísàlẹ̀;
ó rí ìka ara rẹ̀ lódìkejì ike.
Ogún ọdún ni ìyá rẹ̀ fi rẹ aṣọ,
kò rí ìsàlẹ̀ odò yìí rí.

Ṣé ó ṣeé mu? Ó tì o, má tíì gbé ife wá.
Èyí tí a lé jáde nílé ló ń gbálẹ̀ ilé.
Púńgódì tún bù sí i.