Forí Tì Í

Ọmọ mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá lálẹ́:
"Kọ ìtumọ̀ ìforítì. Lò ó nínú gbólóhùn kan."
Ìlà kan ṣoṣo ni olùkọ́ fi sílẹ̀ fún un.

Mo ní, gé e sí wẹ́wẹ́ ná. Fi. Orí. Tì.
Bí ẹni fi orí ti ilẹ̀kùn tí ìjì ń tì bọ̀.
Ó ní, "Kí ló dé tí kì í ṣe ọwọ́?"
Mo ní, ọwọ́ ti dí.

Ọwọ́ Àfùsátù dí, ìyá tó bí ìyá mi,
ní Òkèlele, nílùú Ìlọrin:
ọ̀kan nínú amọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọmọ tó ń sunkún.
Ọkọ rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ sí Kùmásì lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀;
lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ, owó ló sì ń béèrè.
Àwọn ará àdúgbò a máa yà, wọ́n á ní, "Ẹ forí tì í,"
wọ́n á gbọn aṣọ nù, wọ́n á lọ jẹun alẹ́ wọn.
Kì í náni ní kọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́nu ẹni tó ti yó.
Wọ́n á tún pa òwe ìkòkò tí yóò jata lé e lórí.
Òun á rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń pa á
kò sùn ti ebu rí.

Lọ́dún náà, ìkòkò mọ́kàndínlógún ló tò fún sísun,
ó fi igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, ó ṣáná.
Òjò yọ láti ẹ̀yìn Òkè Sóbí, kò kí ẹnikẹ́ni.
A ń gbọ́ wọn nínú òkùnkùn: pàá. Pàá.
Bí ẹni ń ka owó tí kì í ṣe tirẹ̀.
Mẹ́rin ló kù.

Kò sunkún lójú wa. Bóyá ó sun ún lóru, n kò mọ̀.
Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó kó àpáàdì sínú odó, ó ń gún un.
Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
Kò dá ọmọ odó dúró.
"Amọ̀ tuntun tí kò bá ní èyí nínú,
sísán ló máa sán bó bá ráná.
Èyí ti ráná rí.
Yóò júwe rẹ̀ fún un."

Ọmọ mi gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, ó wo ìlà náà títí,
ó kọ ọ́: "Ìyá Àgbà ń gún àpáàdì."

Olùkọ́ fi yẹ̀ǹkì pupa fa igi dábùú rẹ̀.
Ó ní kò sí ìforítì níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀.
Ó ti kúnná ni.