Yìnyín Tampere

Ọmọkùnrin kan fi àpò ìwé gbún mi léjìká
nínú bọ́ọ̀sì àárọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.
Kí n tó mira, ẹ̀ṣẹ́ ti dì lọ́wọ́ mi;
lójú inú mi, eyín rẹ̀ ti fọ́n sílẹ̀,
èmi Tapani, tí mo fi òru mọ́jú po ìyẹ̀fun
kí ọmọ ọlọ́mọ lè rí búrẹ́dì jẹ.

Mo tẹ agogo.
Ibùdókọ̀ mẹ́ta ló kù kí n délé, mo bọ́lẹ̀.
Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ yìnyín
títí ìka fi ń ta mí bí agbọ́n.

Ìbínú yìí kì í kan ilẹ̀kùn.
Kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn mí.

Bọ́ọ̀sì ṣí. Lójú fèrèsé,
ọmọ náà ń juwọ́, ó ń pariwo tí n kò gbọ́:
ìbọ̀wọ́ mi ló gbé sókè,
tí mo gbàgbé sórí ìjókòó.