Òwú Pupa Lẹ́yìn Apá

Ọdún keje rèé tí ọkọ̀ wa ń sùn síta nínú yìnyín
tí bàálù ń sùn sí gáréèjì.
Mi ò jà. Mo kàn ń ha dígí ọkọ̀ láàárọ̀,
ìka mi á kú tipiri,
Ilmo á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kú pákó nírun imú,
á ní, "Kerttu, ó ku díẹ̀."
Díẹ̀ yìí ti dàgbà ju ọmọ-ọmọ wa lọ.

Gúlúù kì í gbẹ nínú òtútù Kainuu.
Ló bá kó egungun apá lọ sínú ilé ooru,
níbi tí èèyàn gidi ti ń wẹ̀ lálẹ́ Sátidé.
Mo jókòó ní ìhòòhò láàárín igi mọ́kànlélógún,
a jọ ń làágùn.
Mo bi í pé kí ló dé tí apá yìí lọ́,
tí ṣóńṣó rẹ̀ dojú bolẹ̀ bí ẹni tí ìtìjú mú?
Ó ní díẹ̀ ni, kò ju ká yí ìdérí ìgò lọ;
bí imú bàálù bá ga jù, tí eré bá tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
afẹ́fẹ́ á jáwọ́ lára apá,
kó yáa jáwọ́ ní ìdí kó tó dé ṣóńṣó,
torí lẹ́bàá ṣóńṣó ni ìjánu wà.
Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n, a to òṣùwọ̀n mẹ́ta sábẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta,
ọ̀kan nínú wọn ni mo fi ń purọ́ fún dókítà.
Ìdí wúwo. Ilmo dákẹ́.
Bàálù tí ìdí rẹ̀ wúwo, bó bá ti gbójú sókè,
kì í gbọ́ ìpè mọ́.
Ó tú bátìrì kúrò lẹ́yìn ìjókòó, ó gbé e síwájú,
ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n,
ó sì yọ ìrọ̀rí tí mo rán fún un.
Ìyẹn dùn mí.

Oṣù Kẹfà dé, adágún ti gbàgbé yìnyín.
Ó tọrọ òwú. Ibọ̀sẹ̀ pupa ni mò ń hun lọ́wọ́,
ẹsẹ̀ kan ti parí.
Ó gé ìyókù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn apá,
ṣákaṣàka bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ń fipá dàgbà.
Ó so fóònù mọ́ ìrù.
Ó lọ.

Èmi àti Rautavuori aládùúgbò dúró nínú koríko.
Ẹ̀fọn nìkan ló rí ẹnu lò.

Lálẹ́, lórí tábìlì, a wo fóònù.
Òwú mi sùn jẹ́ẹ́, gbogbo wọn kọjú sẹ́yìn bí ewéko inú odò.
Imú gòkè. Eré ń tán.
Èyí tó wà nídìí apá kọ́kọ́ gbọ̀n,
ó dìde, ó yíjú síwájú
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.
Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ.
Ṣùgbọ́n ní ṣóńṣó, níbi igi tí òun àti èmi jọ làágùn,
òwú ò mira.
Ilmo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sọ nǹkan kan.
Mo ti wá gbọ́ báyìí.

Mo dìde lọ wá òwú pupa míì.
Kò sí. Búlúù ló kù.
Kó jẹ́ ẹsẹ̀ òsì, kò burú.