Máàpù Olúwatúyì

Ogún ọdún ni mo fi kọ́ni ní jọ́gíráfì nílùú Àkúrẹ́,
nínú kíláàsì tí páànù rẹ̀ ń jò sórí tábìlì mi.
Bí òjò bá ti ṣú láti ìhà Ìdànrè,
tí àwọn òkè àpáta wọ̀nyẹn da ìkúukùu borí bí ẹni tí òtútù ń mú,
kò ní pẹ́ tí a ó fi máa gbọ́ Àlá lẹ́yìn ọgbà,
tí ń hó, tí ń ru pàǹtí,
tí ń gbé bàtà ọmọléèwé lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, Ọya ni mo ń kọ́ wọn.
Mo ní, ẹ wo òkè ilẹ̀ Gínì níbi tí odò yìí ti ṣẹ́yọ.
Òkun ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i,
ṣùgbọ́n ó kẹ̀yìn sí òkun
bí ọmọ tí wọ́n bá wí tó bínú jáde,
ó dorí kọ aṣálẹ̀, ó wọ Málì,
iyanrìn fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún tán
kó tó rántí, kó tó ṣẹ́rí padà,
kó gba Nìjẹ̀r, kó fara kan ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀,
kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ààlà,
mo fi búlúù fa odò.
Mo ní kí wọ́n yà á wá.

Olúwatúyì Kulibalí yà á wá.
Odò rẹ̀ tẹ̀ síbi tó yẹ kó tẹ̀, ààlà rẹ̀ pé,
àfi ìlà búlúù kan, tín-ín-rín, tó fà láti ẹ̀yìn ilé-ìwé wa,
tó fi so Àlá mọ́ Ọya.
Mo kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́:
Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlá ń lọ bá Ògbèsè,
Ògbèsè ń lọ bá Ọ̀sẹ̀, Ọ̀sẹ̀ ń wá òkun lọ.
Wọn kì í pàdé.
Mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Ó gbé ìwé náà padà wá. Kò sunkún.
Ó ní, “Tísà, nínú òkun ńkọ́?”

Mo ní kó lọ jókòó.

Ìyá rẹ̀ ló là mí lóye lọ́jọ́ ìpàdé òbí:
bàbá ọmọ náà ló ń ta bàtà aláwọ ní Ìsinkàn nígbà kan,
ó lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ségù, létí Ọya.
Ogun dé. Ọ̀nà dí. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé.
Ọdún kẹfà rè é.
“Tó bá pè, a sọ fún un pé
omi tóun fi wẹ̀ láàárọ̀ ti ń bọ̀,
kó máa retí ẹ̀.”

Lóru ọjọ́ náà mo ṣírò rẹ̀:
oṣù tí omi náà máa lò lọ́nà,
èyí tí oòrùn máa lá,
èyí tí àwọn olóko ìrẹsì máa bù.
Ohun tó kù, n ò rí i kọ sílẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí.
Bí òjò bá dá, mo máa ń rìn dé orí afárá.
Lánàá, sálúbàtà kan ń léfòó lọ sí ìhà Ògbèsè,
ẹyọ kan ṣoṣo.
Mo dúró wò ó títí ó fi yà ní kọ́nà.