Ìwọ̀n àti Afẹ́fẹ́

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ Ṣílè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí,
wọ́n ta okùn sí ẹ̀bá títì
kí ará ìlú lè rí nǹkan dì mú
lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fi ìbínú jí.
Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá,
fèrè lọ́rùn, ikùn ńlá nínú súwẹ́tà.

Oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ ìwọlé,
èmi ni mo gbé ìwọ̀n kalẹ̀ sórí símẹ́ńtì.
Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ tò.
Mo ń pe iye, akọ̀wé ń kọ ọ́.
Ó kan Yasna Barrientos, ọmọ ọdún mẹ́wàá.
Ọwọ́ ìwọ̀n yí, ó yí, ó tún yí díẹ̀,
mo sì ké iye rẹ̀ síta
bí ẹni ń ta àgùntàn ní gbàǹjo.
Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn.
Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà òsì,
kò sì wo ojú mi mọ́ títí yìnyín fi bo pápá.

Lẹ́tà délé.
Ìyá rẹ̀ kà á ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó akàn,
ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò,
ó sì ra kéèkì lọ sílé,
torí ọmọ ti ń sunkún láti àárọ̀.
Kí ni abiyamọ tí iṣẹ́ ti gba okun rẹ̀ yóò fi pa ẹkún
bí kò ṣe ohun dídùn?
Mi ò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ń rẹ èmi náà lẹ́kún nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o.
Mo ti rí ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn
bíi bàbá àgbà tó gbé àpò ànàmọ́.
Mo ti rí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nínú báàgì ìwé.
Eré sísá dára, omi sàn ju ẹlẹ́rìndòdò lọ,
mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.
Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jó ọ̀rá.
Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni ìtìjú ń bá ọmọ sùn,
tí ń bá a jẹ bisikíìtì lókùnkùn.

Oṣù Kẹwàá. A ń sáré yí pápá po
nígbà tí afẹ́fẹ́ já lókùn láti orí omi.
Ó gbé fìlà, ó gbé kọ́ọ̀nù pupa,
ó ń fọn fèrè ọrùn mi fúnra rẹ̀.
Lautaro, eléré ìje wa, ẹlẹ́sẹ̀ lékeléke,
ṣubú, ó yí gbirigbiri bí agolo òfìfo.
Yasna nìkan ló dúró.
Ó fẹsẹ̀ talẹ̀, ó tẹ orí síwájú bí akọ màlúù,
ó ní: "Ẹ dì mí mú!"
Ọmọ méje so mọ́ ẹ̀wù rẹ̀.
Àwọn tó rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, mo kà wọ́n.
Èmi náà, kí n má purọ́,
mo sá sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́wàá
bí ó ti ń fà wá lọ sẹ́nu ọ̀nà,
ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì ó dúró níwájú mi, ó ń wo bàtà mi:
"Tíṣà, báwo lèèyàn ṣe ń sáré lójú afẹ́fẹ́?"
Mo ní, "Ká kọ́kọ́ rìn ná."
Láti géètì dé ibi òkú ọkọ̀ ojú omi tó ti dípẹtà létí òkun,
ní Sátidé, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nínú bàtà òjò ibi iṣẹ́,
pẹ̀lú Zvonimir, bàbá àgbà, tí ń bú eékún ara rẹ̀.
Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Nígbà tó di Oṣù Kejìlá, ó sáré lọ, ó sáré bọ̀, kò dúró,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ata.

Ẹ fẹ́ mọ iye tó wọ̀n?
Ìwọ̀n ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé,
mo sì ń sọ ọ́ sétí ọmọ, ọmọ nìkan.
Tèmi ni mo lè sọ fún yín:
lálẹ́ ọjọ́ kan mo bọ́ bàtà, mo gun orí rẹ̀,
ọwọ́ ìwọ̀n yí, ó yí, ó tún yí.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.