Ṣòkòtò Akínfọlárìn

Mo ti gé ṣòkòtò fún ẹni tó sanra, fún ẹni tó rù,
fún olóyè kan ní Ìjámọ̀ tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé;
ọdún tí ọmọ mi pé mẹ́ta ni aṣọ kọ́kọ́ kọ̀ fún mi.
Mo gé e tọ́, mo rán an tọ́,
ó wọ̀ ọ́, aṣọ fà síta lórúnkún.
Ó dúró lórí tábìlì ìgéṣọ, kókósẹ̀ kan kókósẹ̀,
àárín orúnkún ṣí sílẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà.
Òròmọdìyẹ ilé wa lè gbabẹ̀ kọjá.

Akínfọlárìn ni mo sọ ọ́.
Àwọn ọmọ Òkèṣà ń pè é ní Ọrun-ò-lọ́fà.

Ìyá mi ní ìyàwó mi ló tètè pọ̀n ọ́n.
Ìyá ìyàwó mi ní kì í ṣe pípọ̀n,
ẹsẹ̀ baba mi ni, baba tó ru aṣọ títà dé Ìkáré,
tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí orúnkún rẹ̀ fi gbàgbé bí a ti ń nà.
Wọ́n fi òrí àti omi gbígbóná fà á lálaalẹ́.
Ọmọ ké. Eegun ò gbọ́.

Dókítà Arówójolú ò bú ẹnikẹ́ni.
Ní Wẹ́sílì, ó tẹ́ ọmọ gbalaja,
ó fi téèpù bíi tèmi wọn àlàfo náà: íńṣì mẹ́rin àbọ̀.
Ó ní kí n fọwọ́ kan eegun ìhà,
kókó, kókó, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sábẹ́ awọ.
Kí ló ń jẹ láàárọ̀? Ògì.
Lọ́sàn-án? Ẹ̀kọ. Lálẹ́? Mo wolẹ̀.
Ẹja ńkọ́?
Mo ní, bàbá ló ń jẹ ẹja nílé wa.
Ọ̀rọ̀ náà ti jáde, n kò rí i gbé mì padà.

Wọ́n gbẹ̀jẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò eegun.
Ó gbé e síwájú iná, ó ń wá bí yóò ti ṣàlàyé;
kó tó lanu, mo ti rí i:
lọ́rùn ọwọ́, lórúnkún, níbi tó yẹ kí eegun parí geere,
ó ń tú bí etí aṣọ tí a kò ṣẹ́.
Mo ní, "Dókítà, òwú ló tán."
Ó yíjú wò mí pẹ́.
Ó yọ ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ lápò àyà mi:
"Ìbátan èyí ló tán. Òun ló ń mú eegun le.
Ẹ má lọ̀ ọ́ fún un o!"
Ó ní irú mìíràn wà tó ń tẹ̀ lábẹ́ orúnkún,
tó jẹ́ ọ̀bẹ ló máa ń tún un ṣe;
tiwa yìí, oúnjẹ ni, oògùn ni, ọjọ́ ni.

Oògùn funfun, ó tóbi bíi bọ́tìnnì kóòtù.
Ẹja gbígbẹ, ìyàwó mi gún un teegun-teegun sínú ògì.
Oòrùn àárọ̀ lójúde, ọmọ nínú pátá nìkan.
Èmi fi ilá lásán jẹ ẹ̀bà.

Lóṣooṣù mo tẹ́ ẹ sórí bébà símẹ́ǹtì,
mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.
Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́rin síbẹ̀.
Lóṣù náà ni mo lóṣòó tì í bíi baba mi,
mo wí fún eegun: òṣó màá ló
títí n ó fi gba gbèsè ọmọ mi.
Mẹ́ta àbọ̀.

Bébà mẹ́rìnlá ló wà lára ìṣó báyìí.
Òròmọdìyẹ ọjọ́sí ti dàkùkọ, a ti pa á jẹ;
bó wà láyé, kò ríbi gbà mọ́.
Ẹsẹ̀ òsì ṣì ń lọ́ra díẹ̀, mo fàyè sílẹ̀ fún un.
Ṣòkòtò ilé-ìwé ni mo ń rán lálẹ́ yìí, káákì.
Mo ká etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì
kí n lè rí nǹkan tú nígbà tó bá ga.